Ohun Tó Kọ́kọ́ Jáde: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìràwọ̀ Tó Bú àti Òkè Tó Ń Mí

Ìràwọ̀ ni wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo sọ fún wọn pé n óò mú òkè ayọnáyèéfín mọ́ ọn. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ bi mí pé kí ló pa òkè pọ̀ mọ́ ojú ọ̀run. Èsì mi kò gùn: nínú méjèèjì, inú lọ́hùn-ún ni ọ̀ràn ti ń ṣẹlẹ̀, níbi tí ojú kò tó, tí ọwọ́ kò sì lè dé. Ohun tó bá kọ́kọ́ yọ́ jáde ni olùwádìí ń dì mú, òun náà ló sì fi ń mọ èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Ní Kamioka, lórílẹ̀-èdè Jàpáànù, ibi ìwakùsà kan wà tó wọ inú òkè lọ. Níbẹ̀, 1,000 mítà sábẹ́ ilẹ̀, ni wọ́n ṣe táǹkì kan sí, tó gba omi mímọ́ 3,000 tọ́ọ̀nù, wọ́n sì to ẹ̀rọ tó ń rí ìmọ́lẹ̀ bíńtín yí inú rẹ̀ ká. Kì í ṣe nítorí ìràwọ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Ohun tí Masatoshi Koshiba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá ni bóyá proton, ọ̀kan nínú àwọn èròjà àárín átọ́ọ̀mù, lè fọ́ fúnra rẹ̀. Wọn ò rí i. Títí di òní, kò sẹ́ni tó rí i. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1987, ìmọ́lẹ̀ kékeré 11 ṣẹ́ nínú omi náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 13. Kò sẹ́ni tó fura. Ìgbà tí ìròyìn ti kárí ayé pé ìràwọ̀ kan bú ni wọ́n tó lọ tú téèpù wò, tí wọ́n sì bá a níbẹ̀. Ẹ̀rọ mìíràn nínú ibi ìwa-iyọ̀ kan ní Ohio, l'Amẹ́ríkà, ti rí 8. Òmíràn lábẹ́ òkè Caucasus, ní ilẹ̀ Soviet ìgbà náà, rí 5. Koshiba fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì ní Yunifásítì Tokyo nígbà yẹn. Nǹkan bí oṣù kan ló kù fún un. Ní 2002 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel.

Neutrino ni ohun tó gba inú omi yẹn kọjá. Ó kéré débi pé ó lè gba inú gbogbo ayé yìí kọjá láìkan ohunkóhun. Ẹ̀yin tí ẹ ti dáyé ní 1987, ó gba ara yín kọjá lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe méjì: ẹgbẹẹgbẹ̀rún bílíọ̀nù lára ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò dun ẹnikẹ́ni. Ohun tó yẹ ká kíyè sí ni pé neutrino wọ̀nyí dé ní wákàtí bíi méjì sí mẹ́ta kí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà tó dé. Lálẹ́ ọjọ́ kejì ni Ian Shelton, tó ń ṣiṣẹ́ lórí òkè Las Campanas ní Chile, ya àwòrán ojú ọ̀run, tó rí àmì kan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó sì jáde síta lọ fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Oscar Duhalde, tó ń bá wọn darí awò awọ̀nàjíjìn níbẹ̀, ti kọ́kọ́ fi ojú lásán rí i ṣáájú rẹ̀, ó kàn jẹ́ pé iṣẹ́ ò jẹ́ kó ráyè sọ ọ́.

Kí ló dé tí neutrino fi ṣáájú? Ìràwọ̀ tó bá wúwo tó oòrùn wa lọ́nà mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò kú irú ikú yìí. Jálẹ̀ ayé rẹ̀, iná inú rẹ̀ ló ń gbé e dúró kí ìwúwo ara rẹ̀ má baà wó o mọ́lẹ̀. Ó ń sun háídrójìn di hílíọ̀mù, ó ń sun hílíọ̀mù di kábọ́nù àti ọ́síjìn. Bí ọ́síjìn bá pàdé ọ́síjìn nínú ìgbóná yẹn, imí-ọjọ́ wà lára ohun tó ń tibẹ̀ jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn, a óò padà sí i. Ìpele kọ̀ọ̀kan ń yá ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Háídrójìn lè tó o fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, ṣùgbọ́n èyí tó kẹ́yìn, tó ń sọ àárín rẹ̀ di irin, ọjọ́ díẹ̀ péré ni. Tó bá ti di irin, ó parí, nítorí irin kì í jó kó fún un lágbára. Àárín náà á wó sínú ara rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú gbogbo agbára tó ń jáde nígbà náà, ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń bá neutrino lọ. Ìbúgbàù tí a ń fi ojú rí, èyí tó lè mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìràwọ̀ tó wà nínú ìṣùpọ̀ rẹ̀ lápapọ̀, ìdá tó kù ni. Neutrino kì í dúró de ẹnikẹ́ni, á ti bọ́ síta. Ìmọ́lẹ̀ ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró títí ìjì ìbúgbàù náà yóò fi gun òkè dé awọ ìràwọ̀, ìyẹn sì ń gba wákàtí.

Ibi tí èyí ti ṣẹlẹ̀ jìnnà sí wa tó nǹkan bí 168,000 ọdún ìmọ́lẹ̀, ìyẹn ni pé ó ti tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà 168 ọdún tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni wákàtí méjì sí mẹ́ta yẹn kò sọnù lójú ọ̀nà. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu. Lónìí, àwọn tó ní irú táǹkì bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé ti para pọ̀ nínú ètò kan tí wọ́n ń pè ní SNEWS. Bí ẹ̀rọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá rí neutrino lẹ́ẹ̀kan náà, kọ̀ǹpútà á ta àwọn tó ń wo ojú ọ̀run lólobó kí ìmọ́lẹ̀ tó dé.

Kí ló ń ṣẹ́kù lẹ́yìn ìbúgbàù? Ní 1934, ọdún méjì péré lẹ́yìn tí James Chadwick rí neutron, èkejì proton ní àárín átọ́ọ̀mù, Walter Baade àti Fritz Zwicky kọ ọ́ pé àárín tó wó yẹn lè di ìràwọ̀ tó jẹ́ neutron látòkè délẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dà bí àlá lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ gbé ìṣirò rẹ̀ yẹ̀ wò: ó wúwo ju oòrùn lọ, ṣùgbọ́n láti etí kan dé ìkejì kò ju nǹkan bí 20 kìlómítà, ìyẹn láti Ìkẹjà dé Victoria Island. Ẹ̀kún ṣíbí kékeré kan nínú rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kan. Ta ló máa wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kiri?

Ẹni tó rí i kò wá a. Jocelyn Bell, ọmọ Àríwá Ireland, wà lẹ́ni ọdún 24 ní 1967, ó ń kàwé gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Cambridge. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fọwọ́ ara wọn ri òpó tó lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́lẹ̀ nínú pápá kan, tí wọ́n sì ta wáyà sí i, kí wọ́n lè máa gbọ́ ìgbì rédíò láti ojú ọ̀run. Ẹ̀rọ wọn ń tẹ ìlà sórí bébà tó gùn lọ rẹrẹẹrẹ, òun ló sì ń fi ojú ara rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú ìlà wọ̀nyẹn ló ti rí ìdọ̀tí kékeré kan tí kò jọ ìràwọ̀, tí kò sì jọ ariwo ọkọ̀ tàbí ẹ̀rọ inú ilé. Ẹlòmíràn ì bá fò ó. Nígbà tó mú kí bébà náà yára sáré, ìdọ̀tí náà já sí ìlù tó ń dún lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 1.337, láìyẹ̀. Wọ́n fi ṣeré pè é ní LGM, ìyẹn àwọn ènìyàn kéékèèké aláwọ̀ ewé. Ní oṣù Kejìlá ó tún rí òmíràn ní apá ibòmíràn lójú ọ̀run, eré sì parí: kò sí bí àwọn àjèjì méjì ṣe lè wà níbi méjì tó jìnnà síra wọn tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa lu irú ìlù kan náà sí wa. Ìràwọ̀ neutron ni. Ó ń yí, ìtànṣán rẹ̀ sì ń gba ojú wa kọjá nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá yí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí ọ̀kan tó ń yí ní ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, láàárín gbùngbùn àjókù ìràwọ̀ tí àwọn ará Ṣáínà ti kọ sílẹ̀ ní 1054 pé àwọn rí i lọ́sàn-án gangan. Baade àti Zwicky jàre.

Ní 1974, wọ́n fún Antony Hewish, ọ̀gá rẹ̀, ní ẹ̀bùn Nobel, pẹ̀lú Martin Ryle. Wọn ò fún Bell. Òun fúnra rẹ̀ kò bínú ní gbangba, ó ti sọ ọ́ léraléra pé kò dun òun. Èmi ni mo ń bínú nítorí rẹ̀. Ní 2018, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn mìíràn tó jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò wọ́pọ̀ nídìí ẹ̀kọ́ físíìsì, àwọn obìnrin, àwọn ọmọ ìdílé tí kò rí já jẹ, àwọn tó sá wá láti ìlú wọn, lè fi kàwé.

Ìràwọ̀ 1987 ńkọ́? Neutrino ti sọ pé ìràwọ̀ neutron gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n fún ọdún 30 ó lé, kò sẹ́ni tó rí i, nítorí eruku bo ibẹ̀. Ní 2024 ni Claes Fransson ti Stockholm àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde pé awò awọ̀nàjíjìn James Webb rí ìtànṣán kan láàárín gbùngbùn ibẹ̀ gan-an. Wọn ò rí ìràwọ̀ náà fúnra rẹ̀. Gáàsì tó yí i ká ni wọ́n rí, argon àti imí-ọjọ́, tí nǹkan alágbára kan ti gba ẹ̀yà ara wọn lọ́wọ́ wọn. Nǹkan alágbára yẹn, ìràwọ̀ neutron ni wọ́n kà á sí. Èéfín nìwà, ríru ló ń ru.

Imí-ọjọ́ náà la óò bá sọ̀kalẹ̀ wá sílé ayé. Èyí tó wà nínú egbòogi ara yíyún tí àwọn ìyá wa ń pò, àti èyí tó ń rùn lẹ́nu òkè ayọnáyèéfín, inú irú ìràwọ̀ tí mo sọ yẹn ni wọ́n ti sè é kí ayé tó wà. Àwọn tó ń ṣọ́ òkè kì í sábà ronú kan ìyẹn. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni iye tọ́ọ̀nù tó ń jáde lóòjọ́. Àpáta yíyọ́ tó wà nísàlẹ̀ di gáàsì mọ́nú. Bó bá ti ń gòkè, ìnira tó wà lórí rẹ̀ ń dínkù, gáàsì á sì máa yọ́ jáde ṣáájú rẹ̀.

Òkè Pinatubo, ní Philippines, ti dákẹ́ fún nǹkan bí 500 ọdún kó tó jí ní 1991. Àwọn onímọ̀ orílẹ̀-èdè náà àti ti Amẹ́ríkà ń fi bàálù gbé ẹ̀rọ kan kọjá lábẹ́ èéfín rẹ̀, tó ń wo bí gáàsì imí-ọjọ́ ṣe ń gbé apá kan ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run mì. Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún, nǹkan bí 500 tọ́ọ̀nù ló ń jáde lóòjọ́. Ní ọjọ́ 28, ó ti tó 5,000. Lẹ́yìn náà ló já wálẹ̀ lójijì, kò tó 300. Ẹni tí kò mọ̀dí á ní òkè ti ń sùn padà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n fòyà, nítorí gáàsì kò tán nísàlẹ̀, ọ̀nà tó ń gbà jáde ló dí. Wọ́n ti kó ẹgbẹẹgbàárùn-ún ènìyàn kúrò kí ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà tó pé, nígbà tí òkè náà bú. Àwọn tí ìṣípòpadà yẹn gbà là kò dín ní 5,000. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kú, òrùlé ló wó pa wọ́n: ìjì líle Yunya dé lọ́jọ́ kan náà, ó rọ òjò sórí eérú, eérú sì wúwo ju ohun tí ilé lè gbé.

Ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní 1993, àwọn onímọ̀ tó wá ṣe àpérò ní ìlú Pasto, ní Colombia, gun òkè Galeras láti gba gáàsì rẹ̀ wò. Gáàsì kéré, òkè dákẹ́. Ó kàn jẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ ti ń ya ìlà kan tó rí bí ìṣó tí a ń yí wọlé, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní tornillo. Àwọn kan ti ń sọ pé ìlà yẹn túmọ̀ sí pé gáàsì há mọ́nú. Kò wọ àwọn tó ń gun òkè létí tó. Òkè náà bú nígbà tí wọ́n wà nínú rẹ̀, ó pa onímọ̀ mẹ́fà àti àlejò mẹ́ta. Igor Menyailov, ará Rọ́ṣíà, wà lára wọn, ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ka gáàsì ẹnu òkè. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí nǹkan tó ń mí tẹ́lẹ̀ bá dákẹ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín bí ẹ ṣe ń kọ ariwo.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ìtòsí ilé. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ 1984, ènìyàn 37 kú lẹ́bàá adágún Monoun ní Kamẹrúùnù, láìsí iná. Haraldur Sigurdsson, ọmọ Iceland, lọ wádìí rẹ̀. Ó ní adágún náà ló pọ gáàsì kábọ́nù dáyọ́sáìdì síta. Ó fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì ńlá kan, wọ́n kọ̀ ọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ: ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ 1986, adágún Nyos, tí kò jìnnà sí ààlà Nàìjíríà, ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Gáàsì yẹn wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó ṣàn bí omi gba àfonífojì lọ, ó dé ibi tó jìn tó kìlómítà 20 ó lé. Ènìyàn tó lé ní 1,700 kú, pẹ̀lú màlúù àti ẹran ọ̀sìn tó tó 3,500. Àwọn tó jí lọ́jọ́ kejì bá àwọn ará ilé wọn nílẹ̀, wọn ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àhesọ gba ìgboro pé ohun ìjà ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n dán wò níbẹ̀, n kò sì dá ẹni tó gbà á gbọ́ lẹ́bi. Ta ló ti gbọ́ ọ rí pé omi adágún pa ẹni tí kò rì sínú rẹ̀?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rọrùn láti yé ẹni tó bá ti mi ìgò mínírà rí kó tó ṣí i. Àpáta gbígbóná tó wà nísàlẹ̀ ń rọra tú gáàsì sínú omi, omi tó wà lókè sì tẹ èyí tó wà nísàlẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dé e pa. Adágún Nyos jìn ju 200 mítà lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò ibẹ̀ kì í yàtọ̀ tó láti ro omi náà pọ̀ bí ti ilẹ̀ olótùútù. Bí díẹ̀ nínú omi ìsàlẹ̀ bá ti ru sókè, ó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò ní dúró mọ́. Ní oṣù Kẹta 1987, oṣù kan lẹ́yìn neutrino Kamioka, àwọn onímọ̀ pé jọ ní Yaoundé láti jiyàn lé e. Àwọn ará Faransé tí Haroun Tazieff ṣáájú ní òkè ayọnáyèéfín ló bú lábẹ́ omi. Àwọn yòókù ní omi fúnra rẹ̀ ni. Omi tí wọ́n bu láti ìsàlẹ̀ adágún ló dá ẹjọ́ náà níkẹyìn. Àwọn tó ní omi fúnra rẹ̀ ni ló jàre, Sigurdsson sì wà lára wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Nyos ti yàtọ̀ sí ti Pinatubo ni pé kò sí èéfín kankan tí a lè fi bàálù wò. Gáàsì náà ni àjálù. Ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo ni pé kí a jẹ́ kó máa jáde díẹ̀díẹ̀. Ní 2001 wọ́n ki páìpù bọ ìsàlẹ̀ adágún náà. Ẹ̀rọ kan fa omi ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn gáàsì ń ti omi sókè fúnra rẹ̀, tó ń fọ́n sójú ọ̀run tó 50 mítà, láìná kọ́bọ̀ lórí epo. Ní 2011 wọ́n fi páìpù méjì kún un. Nàìjíríà náà kò jókòó lásán: ògiri àpáta tó di adágún náà mú kò lágbára, bó bá ya, odò Katsina-Ala ni omi yóò gbà wọlé wá. Ìyẹn wà lára ìdí tí wọ́n fi kọ́ ìdídò Kashimbila ní Ìpínlẹ̀ Taraba.

Gáàsì òkè lè jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Laki, ní Iceland, tú nǹkan bí 120 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù gáàsì imí-ọjọ́ síta láàárín oṣù mẹ́jọ, láti 1783 wọ 1784. Ó pa nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn ará Iceland. Ìwádìí tí Luke Oman àti Alan Robock wà lára àwọn tó ṣe é, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006, fi hàn pé ó tún dín òjò Sahel kù, odò Náìlì sì fà, ìyàn sì mú ní Íjíbítì. Ilẹ̀ olótùútù ló jó, ilẹ̀ wa nílẹ̀ Áfíríkà ló gbẹ.

Ẹnì kan lè ní, ó dáa, ká ra ẹ̀rọ, ká máa ṣọ́ ọ, ó tán. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Òkè Nyiragongo bú ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún 2021, ó sì pa nǹkan bí 30 ènìyàn nítòsí Goma, ní Kóńgò. Owó Báǹkì Àgbáyé tó ń gbé ilé ìwádìí ibẹ̀ dúró ti dópin ní 2020, fún oṣù mélòó kan wọn ò rówó san íntánẹ́ẹ̀tì tó so ẹ̀rọ orí òkè mọ́ ọ́fíìsì. Ìtìjú gbáà ni. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn onímọ̀ tú àkọsílẹ̀ wò lẹ́yìn náà, àmì tó ṣe kedere kò ju nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú lọ kí òkè tó là. Àpáta yíyọ́ ti wà nítòsí ojú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, ara òkè ló kàn ya. Neutrino fún wa ní wákàtí méjì sí mẹ́ta láti ibi tó jìnnà tó 168,000 ọdún ìmọ́lẹ̀. Òkè tó wà lẹ́yìnkùlé Goma kò fún wọn tó wákàtí kan.

Nísàlẹ̀ òkè yẹn kan náà ni adágún Kivu wà, tó tóbi ju Nyos lọ fíìfíì, tó di kábọ́nù dáyọ́sáìdì àti gáàsì mẹ́tẹ́ènì mọ́nú, tí nǹkan bí mílíọ̀nù méjì ènìyàn sì ń gbé létí rẹ̀. Ní apá ti Rwanda, ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ ń fa omi láti nǹkan bí 350 mítà nísàlẹ̀, ó ń yọ mẹ́tẹ́ènì inú rẹ̀ ránṣẹ́ sétí omi láti fi jóná, ó sì ń dá omi tó kù padà sí ìsàlẹ̀, kó má baà da ìtòlẹ́sẹẹsẹ adágún náà rú. Iná mànàmáná mẹ́gáwáàtì 26 ló ń tibẹ̀ jáde.